Plútna, Kì í Ṣe Púlna

Ajé, ọjọ́ keje oṣù kìíní, 1985

Ìwé ìṣirò ilé tí mo rà lọ́dún tó kọjá ṣì ní ojú ewé tó mọ́ lẹ́yìn. Mi ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Ibẹ̀ ni mò ń kọ èyí sí.

Spas, ọkọ mi, ti ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò dé lónìí, kò bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àpótí ẹnu ọ̀nà bí àlejò. Ó ní wọ́n ti fún òun ní gbèdéke: kí ìwé oyè dókítà òun wà lórí tábìlì wọn kí oṣù kejì tó parí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá ìwé yìí jìjàkadì. Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná ni pé ará Ítálì kan, Ghezzi ní ìlú Padova, ń gbẹ́lẹ̀ nínú ìṣirò níbi kan náà tí Spas ń gbẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní kíkọ, tòun ti ọjọ́ tó fi í sílẹ̀, ló ni ín. Bí ìwé Spas bá wọlé ní oṣù kejì, tiẹ̀ ni. Bí kò bá wọlé, ọdún mọ́kànlá di afẹ́fẹ́.

Mo bi í pé ta ni yóò táìpù rẹ̀. Ó ní obìnrin kan wà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ tí kì í táìpù fún ẹlòmíràn bí kò ṣe àwọn onímọ̀ ìṣirò, ọgọ́ta stotínki, kọ́bọ̀ tiwa, lójú ewé kan, owó àwọn àmì lọ́tọ̀. Ojú ewé ogóje. Mo rò ó lórí ìdúró: owó ẹ̀wù òtútù kan gbáko ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi táìpù ìwé ẹrù ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tábà, ẹ̀rọ náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní èmi ni yóò táìpù rẹ̀.

Spas ní, "Nedka, èyí kì í ṣe tábà o."

Mo ní lẹ́tà ni lẹ́tà ń jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Yìnyín látàárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo dé kí n tó rí pépà tó dára, kábọ̀n kò tiẹ̀ sí rárá. Mo lọ bá àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, mo fi ìgò ata sísun méjì gba ogún kábọ̀n lọ́wọ́ wọn. Ata náà dùn ju kábọ̀n lọ, ṣùgbọ́n a kì í fi ata ṣe ẹ̀dà ìwé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A ti mọ bí a ó ṣe máa ṣe é. Awọ funfun ti bo ẹyinjú Spas méjèèjì; dókítà ní ó di ìgbà ẹ̀rùn kí àwọn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò lè ka lẹ́tà ẹ̀rọ mọ́. Gègé tó nípọn ló fi ń kọ tirẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ẹ̀wà. Èmi máa táìpù ọ̀rọ̀, màá fi àyè sílẹ̀ fún àmì, lẹ́yìn náà màá fi bírò tín-ín-rín ya àwọn àmì náà bó ṣe yà wọ́n gẹ́lẹ́. Nígbà tí a bá jẹun tán, màá ka ohun tí mo táìpù sókè, òun á dijú, á máa gbọ́. Bí nǹkan kan bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí rẹ̀, á fi òrùka gbá tábìlì.

Lónìí ó gbá tábìlì nígbà mẹ́sàn-án. Ojú ewé mẹ́rìnlá. Kò burú.

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù ní orí kìíní ni púlna. Àkójọ tó púlna, ọmọ-àkójọ tó púlna. Lẹ́nu wa níbí, garawa tó kún la máa ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí obìnrin tó sanra. Mitra tó ń gbé nísàlẹ̀ wa dá àwo yíyan mi padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ tí mò ń kà á. Ó ní, "Nedka, ta lẹ ń bú pé ó sanra látàárọ̀?"

Mo ní òun ni. Ó gbé àwo náà kalẹ̀, ó ní tóun bá sanra, ohun tó wà nínú àwo yẹn ló fà á, ó sì lọ.

Àìkú, ọjọ́ ogún

Spas fẹ́ kí n jókòó kí òun ṣàlàyé ohun tí mò ń táìpù. Ó ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ní omi ń hó lórí iná.

Òótọ́ ni pé omi ń hó. Ṣùgbọ́n omi ti ń hó láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti fẹ́ ẹ. Abúlé kan náà ni a ti wá. Kíláàsì kẹrin ni èmi dé kí bàbá mi tó mú mi lọ sí oko tábà. Òun ń kàwé lọ. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ tí a fi ń jẹun. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn. Ohun tí mi ò lè gbà ni ojú tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ṣe tí wọ́n bá ń fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀wé. Mi ò fẹ́ rí i lójú ọkọ mi. Nítorí náà omi máa ń hó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òtútù tó ń gé etí. Àgbá kábéèjì kíkan tó wà ní báńkónì ti di òkúta, mo fi àáké sí i kí n tó rí ti ọbẹ̀ bù. Iná ìjọba: wákàtí méjì ó wà, wákàtí méjì kò sí. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, mò ń fi ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ táìpù, ìbọ̀wọ́ tí mo gé orí ìka rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ríbọ́n ẹ̀rọ já lẹ́ẹ̀mejì. Mo rán an.

Ojú ewé méjìdínlọ́gọ́ta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì

Orí kẹta parí. Spas gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí kọ́mà.

Ilarion wá. Òun àti Spas ni wọ́n jọ wà ní yàrá kan ní ẹ̀ka ìṣirò; ọmọ ogójì ọdún ni, ó sì máa ń jẹun bí ẹni tí kò ní aya, nítorí pé kò ní. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tó ti Ítálì dé pé Ghezzi ti fẹ́ parí, ó ku kó jókòó kọ ọ́. Spas fi ṣíbí ti ọbẹ̀ ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́yìn, ó tì í síwájú.

Ilarion ní, "Ẹ̀gbọ́n Nedka, ọwọ́ yín ló kù o."

Mo ní kó jẹun, ọwọ́ mi ti gbọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Orí kẹrin, òun ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ibẹ̀ ni ohun tí Ghezzi náà ń wá wà. Ìgbà ìwọ́wé tó kọjá ni Spas kọ ọ́, tí ojú rẹ̀ ti ń burú gan-an, lẹ́tà sì ń gun ara wọn lórí.

Mo rí nǹkan kan lónìí. Ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́ púlna ló ń kọ. Ní orí kẹrin yìí, ó ń kọ plútna. Plútna! Aṣọ tó ki là ń pè bẹ́ẹ̀, irú èyí tí a fi ń rán kọ́ọ̀tù. Kí ni aṣọ kíki ń wá nínú ìwé ìṣirò? Ojú rẹ̀ ló gbé lẹ́tà sọ sí ibi tí kò yẹ. Mo tún un ṣe. Níbi gbogbo tó bá ti wà ni mò ń tún un ṣe. Mi ò tíì sọ fún un, kó má bàa ro ojú rẹ̀ sí i. Ó ti ń rò ó jù.

Mo fi tábà kọ́ iṣẹ́ yìí: bí akọ̀wé oko bá kọ Kírtsalì báyìí lókè, tó wá kọ Krítsalì nísàlẹ̀, mo mọ̀ pé ìlú kan náà ni, màá kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀gá máa ń yìn mí fún un.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọwọ́ ọ̀tún ti wú dé ọrùn ọwọ́. Mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú rakíyà, ọtí líle wa, wé e. Orí kẹrin parí ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Spas dé, ọ̀fun dídùn ti mú un, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó fi ọwọ́ bi mí pé ṣé ká kà á. Ojú ewé mọ́kànlélógójì, wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, ọ̀la ni olùdìwé ń retí wa tó bá jẹ́ pé a fẹ́ kí ó yá.

Mo ní mo ti kà á fúnra mi, ó tọ́.

Mi ò tíì kà á.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó wọlé! Ẹ̀dà márùn-ún, ẹ̀yìn líle aláwọ̀ pupa. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ ọjọ́ òní sí i. Spas fi ìka wá òǹtẹ̀ náà lórí bébà, ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa ológbò. A mu kọfí gidi lọ́nà, kì í ṣe ti bálì, mi ò sì bèèrè iye rẹ̀ kí a tó jókòó.

Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Mo so òwú pupa àti funfun oṣù kẹta, tí a máa ń so fún ìlera, mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Òjò ń pa yìnyín. Wíwú ọwọ́ mi ti lọ sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ilarion mú ìwé olùyẹ̀wò wá láti ẹ̀ka. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kalpakov ni olùyẹ̀wò, ọkùnrin tó le, ṣùgbọ́n kò ṣìkà. Nítorí ojú Spas, Ilarion ló kà á sókè, èmi ń bó ànàmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Ó yin orí kìíní. Ó yin ìkejì àti ìkẹta. Ó wá dé orí kẹrin. Ó ní ohun tí òǹkọ̀wé sọ níbẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó fi ìdajì ojú ewé kọ àpẹẹrẹ kan tó wó o lulẹ̀. Ilarion ka àpẹẹrẹ náà, ó ń lọ́ra, mo rí i pé ó ti yé e kó tó kà á tán. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni pé ó dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín plútna àti púlna, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa ń kọ́kọ́ kọ́.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

Spas ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ilarion ní, "Dájúdájú o mọ̀ ọ́n, Spas. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Níbi gbogbo."

Kò sí ẹni tó wo ẹ̀yìn. Mo bó ànàmọ́ yẹn dé inú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó jókòó kọjú sí ògiri, ó ń sọ orí kẹrin fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó máa ń dé ibì kan, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ó ní kí n wá. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni òun ti ń ṣàṣìsọ. Mo ní àṣìsọ wo. Ó ní ojú òun ni òun ń ṣọ́, òun kò mọ̀ pé orí òun ti ń lọ níwájú. Bóyá gbogbo ará ilé ti rí i, tí wọ́n ń ṣàánú òun.

Mo ní kò sí ohun tó ṣe orí rẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Nedka?"

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ gba búrẹ́dì kó tó tán. Búrẹ́dì wà nílé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ó ní òun yóò yọ ìwé náà kúrò pátápátá, títí kan orí kìíní dé ìkẹta. Ẹni tí kò mọ plútna yàtọ̀ sí púlna kò yẹ kó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ṣí àpótí, mo mú ẹ̀dà tí a fi pamọ́ jáde, mo fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kà wọ́n. Ibi mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lẹ́tà rẹ̀ burú lóòótọ́ níbi méjì. Níbi mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù, ó hàn ketekete, ọmọdé lè kà á.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, dídín nǹkan kù ni iṣẹ́ mi. Mo dín òróró kù nínú ọbẹ̀, mo dín èédú kù, mo dín owó táìpù kù. Mo wá dín kíkà sókè náà kù, òun ló jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀ tí kò ṣeé dínkù.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Mitra. Mi ò ní ẹlòmíràn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, kò gbójú sókè. Mo ní bí mo bá dákẹ́, ó lè tún un ṣe, á sì gbà pé orí òun ló ṣì í, kì í ṣe èmi; bí mo bá sọ, kò ní fọkàn tán mi mọ́ láé. Mo ní òun ló yẹ kó gbà mí nímọ̀ràn, ọkọ mẹ́ta ló ti ní.

Ó ní, "Èmi ò mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò ríran wà lókè yẹn, o ń jẹ́ kó rò pé òun ti ń ya wèrè. Owó tí o ń ṣọ́ níbẹ̀ yẹn tó mélòó?"

Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ó ní òun mọ̀. Ó fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ kan tó ti hun tán, ó ní kí n wọ̀ ọ́, ilẹ̀ tutù. Ọ̀kan ṣoṣo, ìkejì kò tíì parí. Mo wọ̀ ọ́ gun òkè.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí, kó tó mu tíì. Mi ò jókòó. Mo ní, "Spas, o kọ ọ́ dáadáa. Plútna lo kọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di púlna. Mo sì purọ́ fún ọ pé mo ti kà á."

Ó ti ife tíì sẹ́yìn.

Ó ní, "Ibi mélòó?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"O kà wọ́n?"

"Mo kà wọ́n."

Ó gbé orí rẹ̀ lé ọwọ́ méjèèjì. Mo rò pé ó ń sunkún. Mo wá rí i pé èjìká rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Orí mi pé nígbà náà." Mo ní orí rẹ̀ pé. Ó tún un sọ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Kí lo rò pé plútna jẹ́?"

"Aṣọ."

"O ò bi mí."

"Mi ò bi ọ́. Mi ò tíì bi ọ́ rí. Ẹ̀rù ojú tí wàá fi wò mí ló ń bà mí."

Ó ní, "Nedka, èmi tí mi ò ríran mọ́. Ojú wo?"

Mo jókòó. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi báyìí. Ó sì sọ ọ́, mo máa kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní kí n mú ilé alájà mẹ́jọ wa yìí. Gbogbo wa tí a ń gbé ibẹ̀, àkójọ ni wá. Ògiri ló jẹ́ kí a mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Ó ní kí n máa yọ ògiri kúrò, díẹ̀díẹ̀, kí iye owó ilé lè máa dínkù. Mo ní ìyẹn yé mi gan-an. Ó ní ibì kan wà tí o máa dé, tó jẹ́ pé bí o bá tún yọ ọ̀kan, Nedka àti Mitra á di ẹnì kan náà lójú rẹ, kò ní ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Ilé tó ti dé ibẹ̀ láìkọjá ibẹ̀ ni aláìṣeé-dínkù. Òun ni gbogbo iṣẹ́ òun dá lé lórí.

Plútna ńkọ́? Ó ní ó jẹ́ àwọn èèyàn kan nínú ilé, wọn kì í ṣe gbogbo ilé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí o dúró sí tí ọ̀kan nínú wọn kì í wà nítòsí rẹ. Bí òwú inú aṣọ tó ki. Nítorí náà mi ò jìnnà sí i pẹ̀lú aṣọ mi.

Púlna? Ó ní ìyẹn ni àwọn tí kò retí ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo ẹni tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ti wọlé tán.

Ó ní ìbéèrè náà ni pé: àwọn díẹ̀ tó plútna yẹn, bó bá jẹ́ pé ilé jẹ́ aláìṣeé-dínkù, ìgbà wo ni àwọn náà á jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn ni pé nínú gbogbo ẹbí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn, kí ó kéré tán ẹnì kan nínú àwọn díẹ̀ yẹn wà, yàtọ̀ sí aṣọ́nà tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí. Àwọn kan ti mọ èyí fún irú ilé kan. Òun fi hàn pé ó rí bẹ́ẹ̀ nínú irú ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀.

Mo ní bó bá jẹ́ púlna tí mo kọ, wọn kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà kò sí ìdí tí wọ́n fi máa bá ilé tó kù mu. Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi ti wá. Ó ní ohun tí Kalpakov fi ìdajì ojú ewé kọ nìyẹn.

Mo wo aago. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

A lọ bá Kalpakov. Mo di apá Spas mú, mo di ìwé ọwọ́ rẹ̀ mú ní apá kejì. Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ó gba ìwé náà, ó lọ dúró sẹ́bàá fèrèsé, ó kà á, ó tún kà á. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé fi wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Spas, ó tọ́. Ó sì dára."

Inú mi dùn fún bí ìmí mẹ́ta. Ó wá ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú bébà mẹ́jọ tí wọ́n fi pín-ìnì kan mọ́ra jáde. Ghezzi ló fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ohun kan náà. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta.

Mo ní tiwa ti wọlé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Kalpakov mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí a ṣe máa ń ṣe níbí, pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kì í ṣe òtítọ́. Mo ní kí wọ́n wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, mo lè búra, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí n fi ọwọ́ sí i.

Ó ní, "Ìyáàfin Velcheva, ìwé ọwọ́ kò ní ọjọ́ lórí. Èmi gbà yín gbọ́. Ará Padova kò mọ̀ yín."

Ó ní ìwé oyè náà kò kú. Kí Spas tún orí kẹrin kọ, kó fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ fi í hàn síbẹ̀, orí mẹ́ta àkọ́kọ́ tó láti fi gba oyè. Spas dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ dáadáa, bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan.

Nínú ọkọ̀ tírámù, ó ní kí n sọ fún òun ohun tí mò ń rí lójú fèrèsé. Mo ní ẹrẹ̀. Mo ní àwọn obìnrin ń to ìlà fún ọsàn. Ó ní ṣé ká sọ̀ kalẹ̀. Mo ní rárá.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọgbọ̀n

Kò bá mi jà. Ó ń jẹun, ó ń dúpẹ́. Ó sàn kó bá mi jà. Lánàá mo gbọ́ tó ń sọ fún Ilarion lórí tẹlifóònù pé òun ni òun kò fi etí ara òun gbọ́ orí kẹrin, ẹ̀bi òun ni. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ fífọ̀ lọ́wọ́ mi títí ó fi gbé e sílẹ̀.

Ẹyin ti wọ́n nítorí Àjíǹde.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

A ti ń tún orí kẹrin ṣe láti ọjọ́ mẹ́rin. Òun ń pè é, èmi ń táìpù. Ní báyìí, bí mo bá dé ọ̀rọ̀ tí kò yé mi, mo dúró, mo bi í. Ọ̀nà náà ń falẹ̀ púpọ̀. Lónìí ojú ewé mẹ́ta péré ni a ṣe, ìbéèrè mi sì jẹ́ méjìlá. Ó ní ọ̀kan nínú wọn dára. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kò tíì sí ẹni tó dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá àánú ló fi sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò wẹ́wẹ́. A dé ibi tó ṣe pàtàkì. Spas dìde, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó pè é:

"Ohun tó tẹ̀lé èyí, Ghezzi ti Padova ló kọ́kọ́ fi í hàn."

Mi ò táìpù rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n fi kún un pé òun náà rí i, láìmọ̀ nípa ti Ghezzi, ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Gbólóhùn kan péré. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ta ni yóò jẹ́rìí sí i?"

"Èmi."

"Mo mọ̀. Táìpù rẹ̀ bí mo ṣe pè é, Nedka."

Mo táìpù rẹ̀. G, h, e, z méjì, i. Mo yọ bébà náà, mo kà á sókè fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dijú, ó ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì. Kò gbá a. Mo tún un kà fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.